Nítorí kíréyọ̀nù, mo fẹ́ẹ́ bá tíṣà ọmọ mi jà, àfìgbà tó ní kí n fọwọ́ òsì kọ orúkọ mi

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, àṣírí ara mi ni mo fẹ́ẹ́ tú lónìí o. Ẹ ṣáà mọ àwa oníròyìn, ọ̀rọ̀ ẹlòmí-ìn la máa ń gbé kiri, tiwa kì í dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n ohun tójú mi rí nílé-ìwé jẹ́léósinmi tọ́mọ mi ń lọ kọjá ohun téèyàn ń gbé mì, nítorí mo mọ̀ dájú pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń ṣe irú ẹ̀ nílùú Èkó yìí.

Ọmọbìnrin ni, ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ló wà nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ Fráìdè ni wọ́n máa ń kó iṣẹ́ tó ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ fún un wálé. Bí mo bá ṣí báàgì ẹ̀, àwòrán ni màá bá níbẹ̀. Ẹja tó fi àwọ̀ pupa kùn. Ilé tí òrùlé ẹ̀ tutù bí ewé. Ìyá kan tí irun orí ẹ̀ jẹ́ yẹ́lò bí ìtànná sunflower. Kò sí A, kò sí B, kò sí 1 títí dé 10. Bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin alájọgbélé wa, ẹgbẹ́ ẹ̀ gan-an, tó ń lọ sílé-ìwé mìíràn lódìkejì títì, ti ń kọ 1 dé 50. Ìyá ọmọ yẹn á máa gbé ìwé ọmọ ẹ̀ káàkiri kọ́mpáùndì bíi pé sátífíkéètì yunifásítì ni. Ìyàwó mi á wò mí, èmi náà á wò ó. Owó ilé-ìwé tá a san á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ni mo bá dúró di ọjọ́ Mọ́ńdè. Mi ò gba ọ́fíìsì lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kíláàsì ọmọ mi ni mo wọ̀ lọ tààrà. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu látilé. Mo ní, “Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé-ìwé la mú ọmọ yìí wá ni, àbí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kun mọ́tò?”

Obìnrin náà ò bínú. Ó ti dàgbà díẹ̀, ó tó ẹni tí mo lè pè ní àbúrò ìyá mi. Ó kàn fa àga kékeré kan síta, irú èyí táwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ń jókòó lé, ó ní, “Dádì, ẹ jókòó ná.” Mo jókòó, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Ó tẹ́ bébà síwájú mi, ó fún mi ní pẹ́ńsù, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ orúkọ yín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ o.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kìíní gòkè lọ, èkejì já wálẹ̀, ẹ̀kẹta yà kúrò lórí ìlà pátápátá. Mo di pẹ́ńsù náà mú débi pé ẹnu ẹ̀ kán. Ká tó wí ká tó fọ̀, òógùn ti bò mí, àwọn ọmọ kéékèèké sì ti yí mi ká, wọ́n ń wòran. Tíṣà wá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, ó ní, “Dádì, ẹ mọ àwọn lẹ́tà yẹn o. Ẹ ti lọ sí poli, ẹ ti gbàwé ẹ̀rí. Kì í ṣe orí yín ni ò mọ̀ ọ́n, ọwọ́ yín ni wọn ò tíì kọ́. Ká ní mo wá mú pàṣán dání báyìí ńkọ́, tí mo ní bẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́ kó gún régé, màá nà yín?”

Ojú tì mí. Mo ní, “Ẹ má bínú, mà.” Mo dìde, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí mo ń bi àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ léèrè, tí mo sì ń kàwé kún un.

Ẹ jẹ́ ká ti ọwọ́ fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Egungun wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló wà lọ́rùn ọwọ́ àgbàlagbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ, kò sí èyí tó tíì di egungun gidi nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ohun rírọ̀ bí èyí tó wà létí wa ni gbogbo wọn. Láàárín ọdún kìíní ni méjì máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí wọ́n bá ya fọ́tò ẹsíréè ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, bíi mẹ́ta péré ló máa ń hàn níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn kì í sábà yọjú kó tó di nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sí méjìlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù á rántí ọdún 2009, nígbà tí wọ́n wá gbá ife-ẹ̀yẹ àgbáyé tàwọn ọ̀dọ́ tí ò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ nílẹ̀ wa níbí. Ìgbà yẹn ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wò fún ìdíje náà, tàwọn kan lára àwọn ọmọ tiwa sì já bọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè fi bébà purọ́ ọjọ́ orí, egungun ibẹ̀ ò ní í bá a purọ́.

Mi ò sọ pé ìwé kíkọ á ṣẹ́ ọmọ lọ́wọ́ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọwọ́ tẹ́ ẹ ń fi ẹgba lù pé kò kọ 5 dáadáa, ọwọ́ tí wọn ò tíì kọ́ tán ni. Iṣan àwọn ìka náà ò tíì le. Ẹ wo ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ tó bá mú kíréyọ̀nù, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń dì í mú bí ẹni di ọmọ odó mú, láti èjìká ló sì ti ń fà á. Nígbà tó bá di bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ wọn tó ń fi ìka mẹ́ta mú un bí àgbà. Kíkùn ló ń gbé ọwọ́ náà láti èjìká dé ìgúnpá, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, títí tó fi dé orí ìka. Ọmọ tó bá sì lè kun ẹja kan kó má kọjá etí ẹja náà, ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni bí ọwọ́ ṣe ń dúró níbi tójú bá ní kó dúró. Ohun kan náà ló máa lò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó kọ̀wé sórí ìlà. Ọwọ́ kejì tó fi tẹ bébà mọ́lẹ̀ kó má yí, ẹ̀kọ́ nìyẹn náà.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń wo bọ́mọ ṣe ń dàgbà ti rí i pé ìlà tọ́mọ lè fà ní ètò. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, ó lè fa ìlà tó dúró ṣánṣán. Ní bí ọdún mẹ́ta, ó lè wo òbìrípo kó sì ya irú ẹ̀. Ní bí ọdún mẹ́rin, ó lè ya ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Ohun onígun mẹ́ta, tó ní ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á di bí ọdún márùn-ún kí ọ̀pọ̀ wọn tó lè yà á. Ó dáa, kí wá ni lẹ́tà tá a kọ́kọ́ ń gbé síwájú ọmọ ọdún mẹ́ta? A ńlá ni! Ìlà méjì tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n forí kanra wọn, tí ìkan tún wá dábùú wọn láàárín. Ọmọ tó lè kọ l àti o wọ́ọ́rọ́wọ́, A la fi ń pa á lẹ́kún.

Kíréyọ̀nù gan-an, torí ọmọ ilé-ìwé làwọn tó sọ ọ́ dolókìkí ṣe ṣe é. Kí Edwin Binney àti C. Harold Smith nílẹ̀ Amẹ́ríkà tó gbé Crayola jáde lọ́dún 1903, ẹfun ìkọ̀wé àti pẹ́ńsù síléètì ni wọ́n ń ṣe fáwọn ilé-ìwé. Ìyàwó Binney, tóun náà ti ṣiṣẹ́ tíṣà rí, ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọ̀ mẹ́jọ ló wà nínú páálí àkọ́kọ́, kọ́bọ̀ Amẹ́ríkà márùn-ún péré ni wọ́n ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ àwọn onísáínbọ́ọ̀dù. Bẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò láti Ìyànà-Ìpájà lọ sí Ìkòtún, ẹ bá mi máa ka iye ilé-ìwé tí wọ́n kọ “Montessori” sára ẹ̀. Bí ìka ọwọ́ yín bá tó o, ẹ wá gba owó lọ́wọ́ mi. Ta ni wá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Dókítà oníṣègùn ni Maria Montessori, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kìíní, ọdún 1907, ó ṣí ilé kan fáwọn ọmọdé ládùúgbò San Lorenzo nílùú Róòmù. Ọmọ àwọn tálákà òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Bí bàbá àti ìyá wọn bá ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ náà á máa ba ògiri ilé jẹ́, ìdí ẹ̀ gan-an sì rèé táwọn tó ni ilé fi wá ẹni tó máa máa mójú tó wọn.

Obìnrin yìí ò kó pẹ́ńsù àti ABC lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ó ṣe àwọn férémù irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé oríṣiríṣi àpẹẹrẹ sí láàárín. Ọmọ á fi pẹ́ńsù aláwọ̀ tọ etí àpẹẹrẹ náà sórí bébà, á gbé irin kúrò, á wá máa fa ìlà aláwọ̀ sínú ẹ̀ títí tó máa fi kún, láìjẹ́ kó kọjá etí. Ẹ ò rí i pé kíkùn náà nìyẹn! Lọ́tọ̀, ó gé lẹ́tà láti ara bébà onírínrin táwọn kápẹ́ńtà fi ń ha pákó, àwọn ọmọ á máa fi ìka tọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa pe ohùn lẹ́tà náà. Nígbà tó wá di oṣù Disẹ́ńbà, obìnrin náà jókòó sórí òrùlé pẹrẹsẹ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Ó ní kí ọmọ ọdún márùn-ún kan fi ẹfun ya ihò èéfín tó wà níwájú wọn. Ọmọ náà yà á tán, inú ẹ̀ dùn, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ó ń pariwo pé òun mọ̀wé kọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló kọ: “ọwọ́”, “ihò èéfín”, “òrùlé”, ní èdè wọn. Kò sẹ́ni tó nà án kó tó kọ ọ́. Obìnrin náà fúnra ẹ̀ ló kọ ìtàn yìí sínú ìwé ẹ̀.

Ìyẹn lorúkọ tí wọ́n kọ sára géètì, tí wọ́n sì ń fi ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó sídìí 1 dé 100 nínú ọgbà.

Mo bi ẹnì kan tó nílé-ìwé nípa èyí. Ó ní kí n má dárúkọ òun. Ó ní, “Bùrọ̀dá, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí lẹ ń fún wa lọ́rùn. Bí mi ò bá fún wọn níṣẹ́ àṣetiléwá, táámù tó ń bọ̀ wọ́n á kó ọmọ wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ bí ti yunifásítì.” Mi ò lè já a nírọ́, ṣé èmi náà ò fẹ́ẹ́ jà nítorí ẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀, ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tíjọba àpapọ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2013 sọ ọ́ kedere pé eré ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní ìpìlẹ̀ nọ́ńbà, lẹ́tà àti àwọ̀. Eré ni wọ́n kọ síbẹ̀ o, wọn ò kọ pàṣán.

Èyí tó jẹ mọ́ ìwé kíkà wá ńkọ́? Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ méjì, Karin James àti Laura Engelhardt, gbé ìwádìí kan jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n kó àwọn ọmọ ọdún márùn-ún tí ò tíì mọ̀wé kà jọ. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ lẹ́tà kan, kí wọ́n tọ òmíràn lórí àmì tí wọ́n ti tò sílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ òmíràn lára kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń wo lẹ́tà. Lẹ́tà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ nìkan ló jí ibi tí àgbàlagbà fi ń kàwé nínú ọpọlọ wọn. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n kàn tọ̀ náà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé ọwọ́ tó bá le tó láti dá kọ lẹ́tà ń ṣiṣẹ́ fún ojú tó fẹ́ẹ́ kàwé. Ó tún yẹ kó kọ àwọn ilé-ìwé kan lóminú, àwọn tó jẹ́ pé kí ọmọ máa tọ àmì látàárọ̀ dalẹ́ niṣẹ́ wọn.

Ẹ má sì ṣì mí gbọ́. Kíréyọ̀nù nìkan ò lè kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Tíṣà tó bá kó ìwé àwòrán síwájú ọmọ ogún, tó wá lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń tẹ fóònù, kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ń bá ọmọ sọ nídìí àwòrán náà ló ń mú un wúlò. Tíṣà yẹn ló kọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílé. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, èmi àti ọmọ jókòó sídìí láńtánì, ó ń kun ẹja.

“Kí lẹja yìí ń ṣe?”

“Ó ń sá lọ.”

“Ó ń sá fún ta ni?”

“Ológbò Màmá Ìbejì.”

Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo kọ “ẹja” sábẹ́ ẹja náà gàdàgbà. Ó wò ó títí, ó ní, “Dádì, ẹ ti da nǹkan sí i nísàlẹ̀.” Àmì abẹ́ ẹ ló ń sọ! Mo ní kì í ṣe ìdọ̀tí, pé bí kò bá sí níbẹ̀, ẹnu wa ò ní í pe “ẹja”. Ló bá mú kíréyọ̀nù pupa, ó kun àmì kékeré yẹn nìkan. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ibi tó bá ti rí ẹ, ọ àti ṣ, àtorí páálí mílíìkì dórí sáínbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, ló ti ń nàka sí àmì abẹ́ wọn. Ojú tó ti mọ́ etí ẹja lára á rí àmì tó kéré bẹ́ẹ̀.

Yorùbá la sì fi ń sọ ọ́ o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan látìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé kíláàsì kẹfà, wọn ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwọn mìíràn á ní Yorùbá ò ní orúkọ àwọ̀ tó pọ̀, pé dúdú, funfun àti pupa nìkan la ní. Ẹ dákun, àwọ̀ ewé ńkọ́? Àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ọsàn? Bẹ́ ẹ bá ní kọ́mọ wá ohun tó jọ eérú nínú kíréyọ̀nù ẹ̀, á ronú jinlẹ̀ ju kẹ́ ẹ kàn ní kó mú “grey” wá lọ.

Kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì. Ìdí kíréyọ̀nù lẹ ó ti kọ́kọ́ mọ ọwọ́ tọ́mọ yín fẹ́ràn. Bó bá jẹ́ òsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í fòsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fòsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ kọ́ ọ ní ìyẹn, ṣùgbọ́n kó fi ọwọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn kọ̀wé. Èmi tí wọ́n fún ní òsì fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, mo mọ ohun tójú mi rí.

Owó ò sì gbọdọ̀ dí yín lọ́wọ́. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá tó wà lára ògiri yín, bébà ọ̀fẹ́ ni. Páálí Indomie tẹ́ ẹ bá là, bébà ni. Èédú ń ya àwòrán lórí sìmẹ́ńtì, ìka ń yà á lórí iyanrìn. Bí kíréyọ̀nù bá kán, ẹ má nà án, ẹ má sì jù ú nù. Àwọn tó ń tọ́jú ọwọ́ ọmọdé ní kíkúrú ẹ̀ gan-an ló dáa, nítorí kò ní í ṣe é fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mú, ìka ló máa fi mú un tipátipá. Kìkì pé bọ́mọ bá kéré ju ọdún mẹ́ta lọ, kẹ́ ẹ jókòó tì í, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ alájọgbélé wa tó ń kọ 1 dé 50 ńkọ́? Ìyá ẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn wa lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀. Ó ní bọ́mọ bá ti gbọ́ pé kó mú ìwé wá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí, pé òun ti bá pẹ́ńsù mẹ́rin tó jù sẹ́yìn fíríìjì. Ó tún ní nígbà tóun kọ 7 nìkan síwájú ẹ̀, kò mọ̀ ọ́n, àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ láti orí 1 tó ń kà á bọ̀ kó tó débẹ̀. Ìyàwó mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kó kíréyọ̀nù kíkán bíi mẹ́fà fún un nínú agolo mílíìkì, ó ní kó jẹ́ kọ́mọ náà máa wá sọ́dọ̀ wa nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kẹrin, ó ya mọ́tò dáńfó kan, ó kùn ún ní yẹ́lò, ó ya ìlà dúdú méjì sí i lára bó ṣe yẹ.

Ọmọ tèmi ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Oṣù tó kọjá, lándíọ́ọ̀dù pè mí sẹ́yìn ilé. Orúkọ ọmọ mi àti orúkọ ọmọ alájọgbélé wa ló wà lára ògiri tí bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà pẹ̀lú gbogbo àmì abẹ́ wọn, wọ́n sì ya ẹja kan sáàárín. Bàbá ní kí n tún ògiri òun kùn kó tó di ọjọ́ Sátidé. Mo ra ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ kùn ún.